Ọrọ́ Tó Wà Níwájú Katakata

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde kúrò níwájú katakata."

Màmá Eduvina ò dìde. Ó dojú délẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Nibaldo pa ẹ̀rọ náà, ó sáré sọ̀ kalẹ̀, ó rò pé ìyá náà dákú ni. Láti kékeré ló ti mọ̀ ọ́n tó ń da ewúrẹ́ lórí òkè etí òkun yìí, lápá àríwá ìlú Taltal.

"Ọ̀gá mi ní kí n tẹ́ ibí pẹrẹsẹ kílẹ̀ tó ṣú. Ilé àwọn tó ń wá gbafẹ́ ni wọ́n fẹ́ kọ́. Ilẹ̀ òfìfo ni, Màmá."

"Ta ló sọ fún ẹ pé ó ṣófo? Ìwọ náà sùn sílẹ̀."

"Èmi? Pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́?"

"Aṣọ iṣẹ́ ẹ kì í fara kan ilẹ̀ ni? Sùn sílẹ̀, jàre."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sùn sílẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ ló rí. Màmá rọra fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí ọ̀kan, erùpẹ̀ ara rẹ̀ kúrò, ẹ̀gún yọ. Gbogbo rẹ̀ kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ.

"Ọrọ́ ni," ni Màmá wí. "Tí ọ̀dá bá mú, wọ́n á sún wọnú ilẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mi ò fi rí wọn. Mo ti gbà pé àwọn tó ń jí wọn hú tà ti kó wọn tán. Òjò tọ̀sẹ̀ tó kọjá ló gbé wọn jáde. Ṣáà dúró kí kùrukùru tó bò wá yìí ká."

Nígbà tó di ọ̀sán, kùrukùru ká, oòrùn yọ. Òdòdó aláwọ̀ ìyeyè kan là lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú Nibaldo, ó tóbi ju ọrọ́ tó gbé e dúró lọ. Òmíràn là. Kò pẹ́ tí gbogbo ilẹ̀ náà fi tàn yòò títí dé ibi tó ti dà sí òkun. Ọdún mọ́kànlá ni Nibaldo ti ń wa katakata kọjá lórí irú ilẹ̀ báyìí.

Fóònù rẹ̀ dún. Ọ̀gá rẹ̀ ni.

"Ṣó o ti parí?"

"Rárá, ọ̀gá. Òdòdó wà níbí."

"Nibaldo, o ti mutí ni?"

"Mi ò mutí, ọ̀gá. Mi ò kàn lè tẹ́ ẹ ni."

"Ó dáa. Gbé katakata mi bọ̀. Ẹni tó máa wà á kò wọ́n."

Nibaldo gun orí ẹ̀rọ, ó di ìdarí rẹ̀ mú, ó wẹ̀yìn. Òdòdó wà lẹ́yìn, ó wà lọ́tùn-ún, ó wà lósì. Ojú táyà tó gbà wá nìkan ni kò sí òdòdó. Ó tún sọ̀ kalẹ̀.

"Kí ló dé?" ni Màmá bi í.

"Mi ò rí ibi tí mo máa gbà yí i padà. Tí mo bá sì ní kí n fi ẹ̀yìn rìn, táyà á yà gun òdòdó."

Ó ju kọ́kọ́rọ́ sápò, ó bọ́ bàtà. Ó tẹ̀ lé ojú táyà lọ sí ìlú, ó ń wo ilẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan.