Ìbéèrè Kọkànlá

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: obìnrin tí wọ́n ń pè ní Akọ̀wé yìí kì í ṣe èèyàn burúkú. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló burú. Ilé-iṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ a máa gbowó lọ́wọ́ àwọn olórí orílẹ̀-èdè òkèèrè tí ayé ti kórìíra. Wọ́n á wá máa tọ àwọn aṣòfin ilẹ̀ wa lọ, wọ́n á máa ṣe wọ́n lálejò, wọ́n á máa rọ̀ wọ́n títí wọ́n á fi gbà pé apààyàn náà ṣeé bá ṣọ̀rẹ́. Ti Akọ̀wé ni kó máa tún ọ̀rọ̀ ṣe. Bí àwọn oníbàárà bá kọ "a lù wọ́n," á yí i sí "a bá wọn wí." "A tì wọ́n mọ́lé" á di "wọ́n wà lábẹ́ ìtọ́jú wa." Ọ̀gá rẹ̀ a máa yìn ín pé bó bá fọ èédú, á funfun. Òun náà á rẹ́rìn-ín, á mu tíì rẹ̀, á kọjú sí kọ̀ǹpútà. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ṣe é.

Orí ló mọ bó ṣe jẹ́ pé ọmọ orílẹ̀-èdè oníbàárà tó tóbi jù ni àbúrò rẹ̀ obìnrin lọ fẹ́. Tíṣà ni ọkọ, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kò sí àpò aṣọ rẹ̀ tí ẹ ò ní bá ṣọ́ọ̀kì. Nígbà tí sójà yìnbọn lu àwọn ọmọ ilé-ìwé níbẹ̀, àbúrò gbé ọmọ pọ̀n, ó sá wálé. Tíṣà ní òun ò lọ síbì kankan. Ó jókòó, ó kọ orúkọ gbogbo àwọn ọmọ tó kú, ó tẹ̀ ẹ́, ó fọ́n ọn káàkiri ìgboro. Kò fọwọ́ sí i o. Ìjọba ń wá ẹni tó kọ ọ́ bí ẹni wá abẹ́rẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé, fóònù dún. "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti mú un! Gáréèjì ni wọ́n ti mú un!"

"Nítorí ìwé yẹn?"

"Kí ni ì bá tún jẹ́? Ẹ gbà mí, ẹ sáà bá mi mọ̀ bóyá ó wà láàyè."

Akọ̀wé mọ ọ̀nà kan. Kí oníbàárà tó wá jókòó pẹ̀lú àwọn aṣòfin, ilé-iṣẹ́ a máa kó ìbéèrè tí wọ́n lè bi í jọ ránṣẹ́ sí i, kó lè wá ìdáhùn sílẹ̀. Aṣòfin wo ló ráyè kọ ìbéèrè? Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́. Lọ́dún tó kọjá, ó fi orúkọ dókítà arúgbó kan tí wọ́n tì mọ́lé sí i, ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n tú bàbá náà sílẹ̀, torí pé olórí ò fẹ́ kójú ti òun níwájú àwọn aṣòfin. Ìbéèrè mẹ́wàá ló wà nílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó fi ìkọkànlá kún un: orúkọ Tíṣà lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, ilé-ìwé rẹ̀, àti pé òun ló kọ ìwé àwọn ọmọ tó kú. Ó ṣáà gbà pé wọ́n ti mọ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Bó ṣe wí fún ara rẹ̀ nìyẹn, ó sì fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Ní Ọjọ́bọ̀, àbúrò tún pè. Ẹ̀rín àti ẹkún ló fi ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó wà láàyè! Awakọ̀ kan tí wọ́n tú sílẹ̀ ló pè mí. Àwọn awakọ̀ ni wọ́n wá kó ní gáréèjì, wọ́n kó o mọ́ wọn. Orúkọ ẹlòmíì ló sọ fún wọn, wọn ò tiẹ̀ mọ ẹni tí wọ́n mú! Sátidé ni wọ́n máa tú àwọn tó kù sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́ o. Ẹ ò tíì sọ, àbí?"

"Mi ò tíì sọ," Akọ̀wé ní.

Ó sáré wọ ọ́fíìsì ọ̀gá. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká fa ìbéèrè kọkànlá yọ."

"Ìwé tó ti dọ́dọ̀ wọn láti ìjẹta? Ta ló tiẹ̀ bèèrè ẹ̀?"

Akọ̀wé padà sídìí tábìlì rẹ̀. Ó kọ̀wé fúnra rẹ̀ sí àwọn èèyàn oníbàárà pé àṣìṣe ni. Kò sẹ́ni tó fèsì. Háà, ẹyin lohùn!

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ìdáhùn dé. Akọ̀wé fo mẹ́wàá àkọ́kọ́. Ohun tí wọ́n kọ sí ìkọkànlá nìyí: "Ẹ ṣeun tí ẹ pe àkíyèsí wa sí ọkùnrin yìí. A wá a, a rí i láàárín àwọn awakọ̀, ó ń jẹ́ orúkọ mìíràn. Ibà pa á lánàá."

Ọ̀gá yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Ìkọkànlá yẹn tiẹ̀ rọrùn. Sáà kọ ọ́ pé ìjọba bá ẹbí kẹ́dùn. Tètè, aago méjì ni àwọn aṣòfin ń bọ̀."

Ó kọ "ìjọba." Ó gbé orí lé tábìlì, ó sunkún títí omijé fi rin ìwé náà. Ibẹ̀ ló wà tí fóònù fi dún.

Ariwo ọkọ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti wà nínú bọ́ọ̀sì. Mò ń lọ dúró dè é ní ibodè. Mo ra bàtà fún un, torí wọ́n ní wọ́n gba bàtà lẹ́sẹ̀ gbogbo wọn." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣé gan-an. Mo mọ̀ pé kò rọrùn fún yín láti dákẹ́. Ìdákẹ́ yín ló gbà á là."

Akọ̀wé wá ọ̀rọ̀ tó rọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń wá irú ẹ̀ fún àwọn apààyàn, ó sì máa ń rí i. Lọ́jọ́ yìí, kò rí ẹyọ kan.

"Sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn," ó ní. "Wọ́n ti pa ọkọ ẹ. Mi ò dákẹ́. Èmi ni mo kọ orúkọ ẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn."

Bọ́ọ̀sì ń lọ, ẹnì kan ń bá awakọ̀ jà nítorí ẹrù.

"Ẹ̀gbọ́n mi," àbúrò ní jẹ́jẹ́, "ariwo pọ̀ níbí. Ẹ tún un sọ."

Akọ̀wé sì ní láti tún un sọ.