Wáyà Tí Yóò Bá Ẹnu Natela Mu

"Eteri, mo ní o ò gbọdọ̀ ká kápẹ́ẹ̀tì yẹn! Àbí etí rẹ di ni?"

"Etí mi ò di, Bàbá Otia. Ẹ̀ẹ̀kẹrin tí ẹ máa sọ ọ́ láàárọ̀ yìí nìyẹn, mo sì gbọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mi ò kàn ní gbà fún yín ni."

"Mọ́tò onímọ́tò ni!"

"Onímọ́tò ló jókòó yẹn. Ẹ bi í."

Lamara, onímọ́tò, jókòó sórí táyà ògbólógbòó kan lẹ́nu ọ̀nà gáréèjì wa, ó gbé ife kọfí lé orúnkún, kò fọhùn. Obìnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń ti orí òkè dé etí odò tó bá ń pe màlúù wálé ni o. Láti Ọjọ́rú tí wọ́n ti wọ́ Natela wá sọ́dọ̀ wa, kò tíì rẹ́rìn-ín.

Natela ni orúkọ tó sọ mọ́tò náà. Mọ́tò funfun ni, oníná, kì í mu bẹntiróòlù. Ara ògiri ilé ló ti ń gba okun bíi fóònù. Àwọn oníṣòwò ìlú Rustavi ló kó o dé láti Amẹ́ríkà, Lamara sì ti fi í ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì. Òròòwúrọ̀ ni yóò ti abúlé rẹ̀ lórí òkè gbé wàrà àwọn obìnrin mẹ́tàlá wá sí ọjà Kutaisi, yóò sì gbé ẹni tó bá ń lọ sí ilé ìwòsàn tàbí tó ń lọ jẹ́jọ́ mọ́ ọn. Bọ́ọ̀sì kì í dé abúlé yẹn. Bí Natela ò bá rìn, orí òkè ni wàrà máa bàjẹ́ sí.

Ní Ọjọ́rú ni Natela dúró lójú ọ̀nà. Gbogbo iná ojú rẹ̀ tàn, kò rìn, kò sì gba iná sára mọ́. Lamara pe ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Tbilisi. Wọn ò tilẹ̀ fojú kan mọ́tò, wọ́n ní bátìrì ti kú, kó lọ ra tuntun. Bátìrì tuntun sì wọ́n ju mọ́tò fúnra rẹ̀ lọ. Ni Murman oníkọ́ńdẹ̀m bá gbọ́. Àṣá kì í pẹ́ gbọ́ igbe òròmọdìẹ. Ó ní òun á gbé ọkọ̀ akẹ́rù òun wá lọ́sàn-án Sátidé, òun á ra Natela bí ẹní ra irin. Lamara gbà. Ó ní àfi tí mo bá rí àìsàn Natela ọmọ òun kí Murman tó dé.

Sátidé náà la wà yìí. Aago mẹ́wàá ti kọjá.

"Wò ó," Bàbá Otia ní, ó dúró gbagidi sí ẹnu ilẹ̀kùn mọ́tò bí ọlọ́pàá, "ará Batumi tó ta wáyà fún ọ ló rẹ́ ọ jẹ. Pè é, kó o bú u."

"Mo ti pè é. Mo ti bú u."

Mo bú u lóòótọ́. Mo bú u títí ó fi dákẹ́, tó wá ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ tiẹ̀ ti jẹun láàárọ̀ yìí?"

Ọ̀rọ̀ wáyà náà rèé. Mọ́tò oníná kì í fi ariwo sọ ibi tó ń dùn ún. Ó ní ẹnu. Ẹ ó ki orí wáyà bọ ẹnu náà, ẹ ó ki ìdí rẹ̀ bọ kọ̀ǹpútà, mọ́tò á sì máa rò. Ẹnu méjì ni Natela ní. Èyí tó wà níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún awakọ̀, mo ti ń bá a sọ̀rọ̀ láti Ọjọ́rú, gbólóhùn kan náà ló ń wí ṣáá: "Mo pe bátìrì, kò dá mi lóhùn." Ẹnu bátìrì fúnra rẹ̀ wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn, wáyà tirẹ̀ yàtọ̀, ọdún tí wọ́n ṣe mọ́tò ló sì ń sọ irú wáyà tó máa wọ̀ ọ́. Mo wo nọ́ńbà tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, mo wo ìwé mọ́tò, ọdún kan náà ni méjèèjì pè. Mo fi ọdún yẹn ra wáyà ní Batumi, wọ́n fi rán awakọ̀ bọ́ọ̀sì sí mi. Ìgbà tó dé láàárọ̀ yìí ni mo tó tú àga ẹ̀yìn. Ìkánjú ni, mo gbà. Ẹni tó máa rán fìlà, orí ló yẹ kó kọ́kọ́ wọ̀n. Wáyà mi, eléyín ogún. Ẹnu Natela, oníhò méjìlá.

"Ìwé ló purọ́," mo wí. "Mo fẹ́ tọ wáyà ẹnu yìí lọ síwájú lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, kí n mọ ibi tí irọ́ ti bẹ̀rẹ̀."

"Irọ́ wo? Mọ́tò ti kú, ó kú náà nìyẹn. Jẹ́ kí Murman gbé òkú lọ. Ṣebí mo ti ń sọ ọ́ fún yín: mọ́tò tí kì í wúkọ́, báwo lẹ ṣe máa mọ ọjọ́ tó kú? Fìríìjì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin!"

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Otia, ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Òun ló ni gáréèjì. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di sípánà mú nígbà tí àwọn ọkùnrin àdúgbò ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ irun. Ti iná mànàmáná, èmi ni mo kọ́ ara mi. Ìka mi méjì tó jóná ni tíṣà mi. Ṣùgbọ́n ní ti irin, kò sí jórinjórin bíi tirẹ̀ ní gbogbo agbègbè Imereti. Ojoojúmọ́ là ń jà, inú abọ́ kan náà la sì ń jẹun. Ìjà tòní ló yàtọ̀. Otia tó ti wọ abẹ́ ọkọ̀ ajagbé tí jáàkì rẹ̀ ń mì, ẹ̀rù kápẹ́ẹ̀tì ló ń bà á, ó sì ń fi ariwo bò ó mọ́lẹ̀.

Mo wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Mo gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá, mo di etí kápẹ́ẹ̀tì mú, mo fà á. Ó ṣí gbàràgàdà.

Àpá kan lọ láti ìhà kìíní mọ́tò dé ìhà kejì. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó gún régé, bí ojú abẹ lára ìyá tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún. Natela kì í ṣe mọ́tò kan. Ìdajì méjì ni, tí ẹnì kan fi iná jó pọ̀. Ẹni náà sì mọ iṣẹ́.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpá náà, lọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n fi ìṣó lu ojú mẹ́ta kéékèèké, wọ́n fa ìrù kan lé wọn lórí. Ìdì èso àjàrà.

Gbogbo àdúgbò wa ló mọ èso àjàrà yẹn. Bàbá tó bí Otia, tí í ṣe bàbá bàbá mi, ìkòkò amọ̀ tí wọ́n ń ri mọ́lẹ̀ fún ọtí àjàrà ló ń mọ, ó sì máa ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ sí ọrùn ìkòkò kọ̀ọ̀kan. Otia jogún rẹ̀, ó sọ ọ́ di ti irin. Ó wà lára géètì ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi.

Mo gbé orí sókè. Bàbá Otia ń wo àjàrà tó bo òkè gáréèjì wa bí ẹni tí kò rí ewé rí láyé.

"Bàbá."

"Hm."

"Èso mélòó lẹ rí níbí?"

"Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́."

"Mẹ́ta ni. Ó tún ní ìrù."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí ọ̀rá.

"Ọkùnrin Rustavi kan ló kó méjì wá ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn," ó ní, ohùn rẹ̀ ti di ti ọmọ iléèwé. "Ọ̀kan, wọ́n ti gbá ìdí rẹ̀ rún. Èkejì, iwájú ló rún. Ó ní kí n mú orí tèyí mọ́ ìdí tọ̀hún. Ó ní Armenia lòun ń gbé e lọ tà, kò ní dúró nílẹ̀ wa!"

"Armenia!"

"Ó búra! Nígbà tí Lamara rà á, ọ̀dà tuntun ló wà lára rẹ̀, mi ò dá a mọ̀. Ọjọ́rú tá a fi jáàkì gbé e ni mo rí iṣẹ́ ọwọ́ mi láti abẹ́."

"Ẹ sì panu mọ́."

"Kí ni kí n wí? Ṣebí èmi ni olórí tábìlì tó ń súre lọ́jọ́ tá a fi ọtí kí mọ́tò yìí káàbọ̀! Èmi ni mo gbé ife sókè tí mo ní ẹni tó bá ṣe é, kí ọwọ́ rẹ̀ má gbọ̀n láéláé! Gbogbo abúlé Lamara ló mu ún dé ìsàlẹ̀ ife. Kí n wá sọ fún wọn pé ara mi ni mo ń súre fún?"

Lamara gbé ife kọfí rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìdí yẹn," mo ní, "ọdún wo ni?"

"Ọdún méjì ni orí fi ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀."

"Bàbá Otia! Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń wá wáyà tí màá fi bi mọ́tò léèrè ọ̀rọ̀, ẹni tó mọ ìdáhùn sì jókòó tì mí, ó ń mu kọfí mi!"

"O ò bi mí. Mọ́tò lò ń bi."

Sípánà wà lọ́wọ́ mi. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Aago mọ́kànlá. Murman ò ní pẹ́ dé, Batumi sì jìn. Mo jókòó tì í lórí ọ̀rá náà. Ó tún gbé ojú sókè sí àjàrà, mo rò pé ìtìjú ni. Kì í ṣe ìtìjú. Ó dìde, ó lọ gbé àkàbà.

Otia kì í ju nǹkan nù. Gbogbo ìtàkùn àjàrà yẹn, wáyà àlòkù ló fi so wọ́n mọ́ òpó. Ó gun àkàbà, ó ń fi ọ̀bẹ já nǹkan láàárín ewé, ó ń kùn. Ìgbà tó sọ̀ kalẹ̀, ìdì wáyà kan wà lọ́rùn rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, èyí tó gé kúrò lára mọ́tò kejì tí iwájú rẹ̀ rún. Mo nu erùpẹ̀ orí wáyà náà kúrò. Mo ka eyín rẹ̀. Méjìlá.

Ọdún mẹ́fà ló fi wà lókè orí mi. Mo máa ń sá aṣọ iṣẹ́ lé e.

A gé orí wáyà Batumi sọnù, a fi ti àjàrà rọ́pò rẹ̀. Èmi ń ka àwòrán lójú kọ̀ǹpútà, òun ń fi òjé jó wáyà tíntìntín mọ́ra lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Aláwọ̀ ewé mọ́ aláwọ̀ ewé," mo ní.

"Mo rí i. Mi ò fọ́jú."

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ojú yín ò ríran dáadáa mọ́ ni."

"Pa ẹnu dé, ọwọ́ mi ń ṣiṣẹ́."

Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n.

A ń jó ìkejìlá nígbà tí Murman fun fèrè níta. Ó wọlé, ó ń nu ọwọ́ sí ṣòkòtò. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Òkú dà?"

"Jókòó," Lamara ní. Ó bu kọfí fún un. A kì í lé àlejò nílé wa, ìbáà jẹ́ oníkọ́ńdẹ̀m.

Mo ki wáyà bọ ẹnu Natela. Ó wọlé wẹ́rẹ́, kò janpata. Ojú kọ̀ǹpútà ṣú fún ìgbà díẹ̀, gbogbo wa ń wò ó bí ẹni ń wo ẹnu dókítà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí rò. Bátìrì ò kú. Bí ẹ bá pín okun rẹ̀ sí ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rin ó lé kan ló kù. Ohun tó ń ṣọ́ ooru ní igun rẹ̀ kan ni omi wọ̀, ó ń pariwo iná, iná, níbi tí iná kankan ò sí, ni bátìrì bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Mo tú igun náà. Ìpatà ló bo ìdí wáyà kan tí kò ju abẹ́rẹ́ lọ. Mo ha á, mo nù ún gbẹ, mo dá a padà. Murman ti mu kọfí kejì.

Mo tẹ bọ́tìnnì.

Kọ́! Ohùn náà wá láti abẹ́ ilẹ̀ mọ́tò, níbi tí bátìrì ti ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ padà.

"Ó wúkọ́!" Bàbá Otia fò sókè. "Ẹ gbọ́ ọ! Lamara, o gbọ́? Ó wúkọ́!" Ó dì mọ́ Natela, ó fẹnu ko òrùlé rẹ̀, ó dì mọ́ èmi náà, ọ̀rá aṣọ rẹ̀ kù sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Kò kú ni?" Murman béèrè, bí ẹni tí wọ́n já kulẹ̀ nídìí ogún.

"Wá òkú mìíràn lọ, àbúrò mi," Lamara ní. "Tèmi ti jí."

Nígbà tí Murman lọ tán, Lamara wọ inú mọ́tò, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú àpá náà láti ìhà kìíní dé ìhà kejì. Ó pẹ́ díẹ̀ lórí èso àjàrà. Bàbá Otia ń wò ó, ó bọ́ fìlà, ó gbá a mọ́yà.

"Lamara, ibi tí mo jó yẹn, kò lè là. Mo fi bàbá mi búra. Ìdajì méjèèjì á gbó tán kó tó là."

"Mo mọ̀," Lamara ní. "Ọdún méjì ni mo fi gun òkè lórí rẹ̀."

Ni Otia bá mí kanlẹ̀. Ó dé fìlà padà. Ó fi ìka méjì lọ́ túbọ̀mu rẹ̀, àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wú. "Ṣé ẹ wá rí i báyìí? Ẹni tó mọ iṣẹ́ mọ iṣẹ́! Bí kì í bá ṣe èmi, bí kì í bá ṣe wáyà tí mo tọ́jú fún odindi ọdún mẹ́fà, níbo lẹ̀ bá wà? Ẹ bi Eteri kó sọ fún yín, láti Ọjọ́rú ni mo ti ń..."

Lamara jáde nínú mọ́tò. Ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó kọjú sí mi.

"Eteri ọmọ mi."

"Ẹ̀ẹ́n, Àǹtí."

"Tó o bá tún fẹ́ ra wáyà, ra èyí tó bá ẹnu Otia mu."