Ìran Inú Gbọ̀ngàn Rélùwéè

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó lè bá ògiri ṣe kèéta, ẹ wá wo Bàbá Pátákó. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ló ti ń kọ orúkọ ilé ìtajà sára pátákó fún àwọn ènìyàn, títí di ìgbà tí ojú rẹ̀ fọ́. Ó kọ́kọ́ gbà á bí akin. Ọjọ́ tó dán ìta wò ni wàhálà dé. Ẹnì kan tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ fi èjìká gbá a, bàbá ṣubú sínú gọ́tà, ìtìjú sì dùn ún ju ọgbẹ́ lọ. Ó ní òun kò jáde mọ́ láéláé. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó kọjú sí ògiri, àfi bíi pé ògiri ló tì í ṣubú.

Dókítà ní bí kò bá rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò gan, ẹsẹ̀ tó bá sì gan lọ́jọ́ orí tirẹ̀ kì í sábà nà mọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin bẹ̀ ẹ́ títí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Akọ̀wé ni bàbá ń pe ọmọ yìí láti kékeré, ó sì di akọ̀wé lóòótọ́, ó ń tẹ ìwé ní ọ́fíìsì lọ́yà kan.

Lọ́jọ́ kan, bàbá ṣàdédé bi ògiri léèrè pé, "Ṣé gbọ̀ngàn rélùwéè yẹn ṣì wà níbẹ̀?"

Kí ojú rẹ̀ tó lọ, ibẹ̀ ló máa ń lọ jókòó ní Sátidé. Kò ní wọkọ̀, kò ní pàdé ẹnikẹ́ni, á kàn máa wòran ni.

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

"Kí wọ́n lè rí mi tẹ̀ pa, àbí? Ìwọ lọ. Ohun tóo bá rí, kọ ọ́ wá, kóo kà á fún mi. Má wulẹ̀ wá fẹnu sọ ọ́ o! Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, wàá gbàgbé ìdajì, wàá wá fi irọ́ dí ihò ẹ̀."

Inú Akọ̀wé dùn dé ẹ̀yìn. Ọkùnrin tí kò bèèrè oúnjẹ mọ́ ló bèèrè nǹkan yìí.

Ó lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ akọpátákó kì í rí ohun mìíràn tí lẹ́tà bá ti wà níwájú rẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára gbọ̀ngàn náà ló dà kọ: pátákó tó tọ́ka ilé ìgbọ̀nsẹ̀, pátákó tó ní kí èrò má sáré, èyí tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí, èyí tí ẹni tó kọ ọ́ kò mọ̀ ọ́n kọ. Ó délé, ó kà á pẹ̀lú ìyangàn.

"Ó tán?" ni bàbá wí.

"Ó tán, sà."

"Mo ní kóo lọ wòran, ìwọ lọ kàwé. Ta ló wà níbẹ̀? Àbí iwin ni wọ́n kọ pátákó fún?"

Ìyá Akọ̀wé, tó ń ká aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ má bá a wí jàre. Ẹni bíni làá jọ. Ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ délé wa, ṣebí nọ́ńbà ara géètì lẹ dúró tẹ́ ẹ ń yẹ̀ wò, tí mo nàró síwájú yín bí òpó."

Láyé ọjọ́un, bàbá ìbá rẹ́rìn-ín. Ó tún kọjú sí ògiri ni. Akọ̀wé mọ̀ pé bí òun bá tún kùnà, bàbá kò ní bèèrè nǹkan kan mọ́.

Nígbà tí Sátidé mìíràn dé, ó padà lọ, ó jókòó, ó sì pinnu pé òun kò ní ka lẹ́tà kan ṣoṣo. Ojú rẹ̀ ń fà síbẹ̀, ó ń fà á padà. Nígbà tó sú u, ó gbé orí sókè, ó sì la ẹnu sílẹ̀. Òrùlé náà ga débi pé àwọn ẹyẹlé ń fò lábẹ́ rẹ̀ láì rántí pé inú ilé ni àwọn wà. Oòrùn ń gba ojú fèrèsé gíga wọlé, ó ń tàn sórí ẹni tó kíyè sí i àti ẹni tí kò kíyè sí i.

Ọkọ̀ méjì gúnlẹ̀ pọ̀, èrò sì ya jáde bí omi. Àwọn tó ń wọlé àti àwọn tó ń jáde pàdé láàárín gbọ̀ngàn, kò sí ọlọ́pàá, kò sí fèrè, kò sẹ́ni tó ń darí ẹnikẹ́ni. Àbúrò kan dì mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n ń sunkún, èrò sì ń pín sọ́tùn-ún sósì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ìgbà náà ni ọkùnrin onídígí kan yọ. Ó gbé dígí ńlá kan pọ̀n, dígí tó ga jù ú lọ, ó tẹ̀ síwájú, ilẹ̀ nìkan ló ń wò. Akọ̀wé dìde, ó fẹ́ ké sí i. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin náà ti ń gbẹ́sẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà ń là; bó ti ń kọjá, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà ń padé. Ẹnì kan tó ń ka ìwé ìròyìn yẹ èjìká láì gbójú sókè. Nínú dígí náà, Akọ̀wé rí gbogbo gbọ̀ngàn tó ń kọjá lọ, ènìyàn, ẹyẹlé, oòrùn, gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn ẹnì kan ṣoṣo. Orí rẹ̀ wú. Ẹ̀rù bà á, inú rẹ̀ sì ń dùn, kò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Nígbà tó ka èyí fún bàbá, bàbá yíjú kúrò lára ògiri.

"Irọ́ lo pa."

"Mi ò purọ́, Bàbá."

"Dígí yẹn ga tó ẹ?"

"Ó ga jù mí lọ."

"Kò sì fọ́?"

"Kò sán pàápàá."

Bàbá mí kanlẹ̀. "Bí wọn ò bá fọ́ dígí onídígí, kí ló dé tí wọ́n á fi fọ́ èmi?"

Wọ́n lọ. Nígbà tí ariwo gbọ̀ngàn bá wọn lẹ́nu ọ̀nà, bàbá dúró, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú ọwọ́ ọmọ rẹ̀.

"Fi mí sílẹ̀," ni ó wí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mo ní fi mí sílẹ̀."

Kò sí ohun tó le tó èyí rí fún Akọ̀wé, ṣùgbọ́n ó fi í sílẹ̀. Bàbá na ọ̀pá síwájú, èrò sì bò ó mọ́lẹ̀. Akọ̀wé kò rí i mọ́. Ó na ọrùn, ó ń pe Ọlọ́run lọ́kàn. Lẹ́yìn náà ló rí orí funfun náà lọ́ọ̀ọ́kán, tó ń lọ jẹ́jẹ́, tí ọ̀nà ń là fún un.

Bàbá dúró láàárín gbọ̀ngàn, ó gbójú sókè.

"Ẹ kú ìrìn o, gbogbo yín!"

"Ẹ ṣé o, Bàbá!" "Ẹ kú ìrìn, sà!" "Ẹ rọra o!" Ohùn ń dáhùn láti ọ̀tún, láti òsì, àní láti ẹnu àwọn tó ń sáré bá ọkọ̀.

Akọ̀wé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú omijé. Omi ń ṣàn lójú bàbá náà.

"Ẹ dákun, Bàbá, mi ò rí ìkankan kọ. Mi ò tiẹ̀ mọ bí mo ṣe máa kọ ọ́."

"Má wulẹ̀ kọ ọ́," ni bàbá wí. "Mo wà níbẹ̀."