Ẹni Tí Kò Sí Nínú Ìwádìí

"Ta ló wẹ bàbá tó wà lẹ́bàá fèrèsé yẹn gbẹ̀yìn?" Monílọ́lá béèrè.

Báyọ̀, nọ́ọ̀sì tó kéré sí i lẹ́nu iṣẹ́, ń ká aṣọ ibùsùn lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. "Ìyàwó rẹ̀ la ń retí, Àǹtí."

"Mi ò bi ọ́ pé ta lẹ ń retí. Ta ló wẹ̀ ẹ́ gbẹ̀yìn?"

"Kò tíì sí ẹni tó wẹ̀ ẹ́ látìgbà tó ti dé. A máa ń bu omi fún un kó fi nu ojú àti ọwọ́. Ìyókù, iṣẹ́ ará rẹ̀ ni." Ó wá na ọwọ́ sí ara ògiri. "Ìlànà tuntun nìyẹn. Ẹ̀yin náà lẹ kúkú kọ ọ́."

Monílọ́lá yíjú sí ògiri. Wọ́n ti lẹ bébà fífẹ̀ kan mọ́ ọn lókè tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì. Mẹ́trọ̀n, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, ló fúnra rẹ̀ túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí Yorùbá, kí àwọn tó wá ṣètọ́jú èèyàn wọn lè kà á: "Ará aláìsàn ni yóò máa wẹ̀ ẹ́, tí yóò máa yí i padà lórí ibùsùn, tí yóò sì máa fún un lóúnjẹ. Nọ́ọ̀sì yóò kọ́ ọ bí yóò ti ṣe é, yóò sì dúró tì í." Nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kọ ọ́ sí pé inú ìwádìí Nọ́ọ̀sì Monílọ́lá Akínwọlé ni ọ̀rọ̀ náà ti wá.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Àkúrẹ́ dé ni, níbi tó ti lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún oṣù díẹ̀. Nígbà tó ń lọ, kò sí bébà kankan lára ògiri. Ó kà á, ó tún un kà. Kò sí gbólóhùn kan níbẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, síbẹ̀ ó dà bí ìgbà tí èèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú fóònù tí kò sì dá a mọ̀.

Ìwádìí náà ti gbà á lọ́dún púpọ̀. Nínú wọ́ọ̀dù yìí gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tó ṣàkíyèsí pé àwọn aláìsàn tí ìyá tàbí ìyàwó wọn ń dá sí ìtọ́jú wọn máa ń tètè dìde ju àwọn tí nọ́ọ̀sì nìkan ń ṣe gbogbo nǹkan fún lọ. Ó wá inú ìwé àwọn onímọ̀ lọ, ó sì rí tíọ́rì kan níbẹ̀, àbá onímọ̀ kan, tó sọ pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kọ́ ni kí ó gba gbogbo nǹkan ṣe mọ́ aláìsàn lọ́wọ́, pé ṣe ni kí ó ran òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ lọ́wọ́ títí wọn yóò fi lè ṣe é fúnra wọn. Monílọ́lá fi ọ̀rọ̀ wá àwọn ìyá lẹ́nu wò, ó bi àwọn ọkọ, ó bi àwọn ọmọ. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó fi ránṣẹ́ sí jọ́nà kan, ìwé tí àwọn nọ́ọ̀sì onímọ̀ máa ń tẹ ìwádìí jáde nínú rẹ̀. Wọ́n dá a padà pé kí ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe, wọ́n tún dá a padà. Ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde níkẹyìn, Mẹ́trọ̀n Ọláyídé fi mínírà ṣe gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ lálejò.

Ó kúrò nídìí bébà náà, ó lọ bá bàbá tó wà lẹ́bàá fèrèsé.

Àmúsà lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Ṣakí ni, ó ń bá olóko kan tọ́jú kòkó ní Araromi-Obu. Ọ̀kadà ló gbé e ṣubú lójú ọ̀nà oko tí egungun itan rẹ̀ fi ṣẹ́. Olóko gbé e wá sí ilé ìwòsàn yìí ní Ore, ó fọwọ́ sí ìwé fún un, ó sì padà lọ sídìí kòkó rẹ̀ tí òjò ń bà jẹ́. Àwọn dókítà so ẹsẹ̀ bàbá náà mọ́ nǹkan wúwo tó ń fà á, kò lè yí síhìn-ín, kò lè yí sọ́hùn-ún.

"Bàbá, mo fẹ́ wo ẹ̀yìn yín."

"Ẹ má ṣèyọnu, Nọ́ọ̀sì. Rodiyat ń bọ̀."

"Ta ni Rodiyat?"

"Ìyàwó mi ni. Ó ti wà lọ́nà."

"Ìgbà wo ló gbéra?"

Bàbá wo ìta fèrèsé, níbi tí àwọn tírélà ti ń sáré lọ sọ́nà Benin. "Ọ̀nà jìn," ó ní.

Monílọ́lá rọra gbé e díẹ̀, ó ṣí aṣọ lẹ́yìn rẹ̀. Egbò ti yọ sí bàbá náà nídìí, ó pupa, ó ń ṣomi, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Egbò tí ìdùbúlẹ̀ sójú kan máa ń dá síni lára ni. Nínú ìwé tó kọ, egbò yìí gan-an ló fi díwọ̀n ọ̀rọ̀ rẹ̀: ó ní kì í sábà yọ sára àwọn tí ará wọn bá ń tọ́jú. Òótọ́ ni, kò parọ́. Lórí ibùsùn tó tẹ̀lé ti Àmúsà, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Elisha jókòó, ara rẹ̀ ń dán. Ìyá rẹ̀, Ẹfúnróyè, tó wá láti Omifunfun, ń fi òróró pa á lẹ́sẹ̀, ó sì ń fi èdè Ìkálẹ̀ bá a wí pé kò jẹun yó. Elisha ti ń fi ọ̀pá rìn dé ẹnu ọ̀nà. Bí ìwé Monílọ́lá ṣe wí gẹ́lẹ́ nìyẹn, lórí ibùsùn kan. Lórí èkejì, ohun tó rí kò sí nínú ìwé.

Ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pe nọ́ńbà tí wọ́n kọ sínú fáìlì bàbá náà. Obìnrin kan gbé e, ariwo ọjà wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Ìyáàfin Rodiyat ni? Nọ́ọ̀sì ni mí, láti Ore. Ọ̀rọ̀ Bàbá Àmúsà ni."

"Àmúsà wo?"

"Ọkọ yín, mà."

"Nọ́ọ̀sì, ọkọ mi jókòó síbí, ó ń ta irin. Àmúsà tó lọ sóko kòkó, a ti kọ ara wa sílẹ̀ ó ti pẹ́. Ṣé ó kú ni?"

"Kò kú o. Itan rẹ̀ ló ṣẹ́. Ó ní ẹ̀ ń bọ̀."

"Ó ní mò ń bọ̀?" Ohùn rẹ̀ kò le. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yà lẹ́nu ni. "Kí ni ẹ fẹ́ kí n wá ṣe?"

"Ẹni tó máa wẹ̀ ẹ́ la ń wá, mà."

"Ilé ìwòsàn kọ́ ló wà ni? Àwọn nọ́ọ̀sì ńkọ́?"

Monílọ́lá ní kó má bínú. Ó dúpẹ́, ó sì pa fóònù.

Nígbà tó wọ ọ́fíìsì Mẹ́trọ̀n Ọláyídé, ìyá náà ń to àga. Òun ló mú Monílọ́lá wọ iṣẹ́, kò sì ní ọmọbìnrin tirẹ̀. "O ti dé," ó ní, "jókòó. Ní ọjọ́ Ẹtì, àwọn nọ́ọ̀sì àgbà láti Òkìtìpupa àti Oǹdó ń bọ̀ wá gbọ́ ọ. Wọ́n fẹ́ máa lo ìlànà rẹ lọ́dọ̀ tiwọn náà. Ṣé o ti múra ọ̀rọ̀ rẹ sílẹ̀?"

"Mà, bàbá kan wà ní wọ́ọ̀dù ọkùnrin tí wọn ò wẹ̀ látìgbà tó ti dé."

"Mo gbọ́. Ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀."

"Kò ní ìyàwó."

Mẹ́trọ̀n gbé àga tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ta ló wá ń bọ̀?"

"Kò sí ẹnì kankan, mà. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi yọ bébà ara ògiri yẹn."

"Kí n yọ ọ́?" Ìyá náà jókòó. "Monílọ́lá, nọ́ọ̀sì mélòó ló kù fún mi? Ìdajì wọn ti lọ sókè òkun. Kí ìwé rẹ tó dé, kò sí ibùsùn tí n kì í bá egbò. Ní báyìí, lọ kà á wò, mélòó lo máa rí? Ẹyọ kan. O fẹ́ kí n tìtorí ẹyọ kan dá gbogbo wọn padà síbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀?"

"Rárá, mà."

"Ṣé irọ́ lo kọ ni?"

"Rárá, mà."

"Àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, àbí wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò?"

Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Bí Mẹ́trọ̀n ṣe bi í bẹ́ẹ̀ ni Monílọ́lá rántí ìbéèrè kan tí ọ̀kan nínú wọn kọ sí i: "Àwọn aláìsàn tí kò ní ará ńkọ́?" Ó dáhùn nígbà náà pé ìwádìí òun kò kan àwọn wọ̀nyẹn, nítorí pé ará aláìsàn ni òun ń fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Onímọ̀ náà ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ó sì dára bẹ́ẹ̀ lóòótọ́; bí wọ́n ṣe ń ṣe ìwádìí nìyẹn. Èèyàn gbọ́dọ̀ pààlà ohun tó ń wò. Kò mọ̀ nígbà náà pé àwọn tó kọjá ààlà yẹn yóò ṣì wà lórí ibùsùn.

"Mi ò mọ ohun tí mò ń sọ, mà," ó ní. "Gbogbo rẹ̀ dàrú mọ́ mi lójú."

"Lọ sinmi," Mẹ́trọ̀n ní. "Ìrìn Àkúrẹ́ ló wà lára rẹ."

Kò lọ sinmi. Ó pọn omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí garawa, ó mú ọṣẹ àti kànìnkànìn, ó fa kọ́tìnnì yí ibùsùn Àmúsà ká.

"Rodiyat kò ní wá, Bàbá."

Bàbá náà kò ṣe bí ẹni tí ẹnu yà. "Mo mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ní ó ń bọ̀?"

"Wọ́n bi mí pé ta lará mi. Mo rò pé bí mo bá ní kò sí, wọn ò ní gbà mí." Ó gbé ojú sí àjà. "Òun lorúkọ tó wá sí mi lẹ́nu. Mo sì ní nọ́ńbà rẹ̀, kò yí i padà."

Monílọ́lá tẹ kànìnkànìn bọ omi. Bàbá náà di etí aṣọ mú. "Nọ́ọ̀sì, ojú ń tì mí."

"Iṣẹ́ mi ni, Bàbá."

"Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí wọ́n ti ń sọ fún mi pé iṣẹ́ yín kọ́."

Ó rọra tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára aṣọ, ó bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn. Nígbà tó kan pé kí ó gbé ìdí rẹ̀ sókè fi fọ egbò, agbára rẹ̀ kò ká a. Ẹfúnróyè yọjú níbi etí kọ́tìnnì. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e," ó ní. "Ó ti wù mí kí n ṣe é tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ nọ́ọ̀sì yẹn ló ní èmi kì í ṣe ará rẹ̀." Wọ́n jọ gbé e. Bàbá dijú títí wọ́n fi ṣe é tán. Kété tí wọ́n tẹ́ aṣọ mímọ́ sábẹ́ rẹ̀ ló sùn lọ.

Títí di ọjọ́ Ẹtì, àárọ̀ àárọ̀ ni Monílọ́lá ń ti ilé rẹ̀ ní Odigbo wá ṣáájú àsìkò iṣẹ́ rẹ̀ láti wẹ̀ ẹ́. Bó bá sì ti jókòó pé kí òun kọ ọ̀rọ̀ tí òun máa sọ fún àwọn àlejò, ṣe ni yóò kọ ìlà kan, tí yóò sì fagi lé e.

Àwọn àlejò kún ọ́fíìsì Mẹ́trọ̀n dé ẹnu ọ̀nà. Monílọ́lá sọ bí ìwádìí náà ṣe bẹ̀rẹ̀, ó sọ ohun tó rí, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bàbá kan wà nínú wọ́ọ̀dù wa," ó sì sọ ti Àmúsà fún wọn láì dárúkọ rẹ̀. Àwọn tó ń kọ̀wé dáwọ́ dúró. Mẹ́trọ̀n Ọláyídé ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ọkùnrin kan tó ti hewú, Ọ̀gbẹ́ni Gàzálì láti Oǹdó, dìde. "Nọ́ọ̀sì, kò yé mi. Ohun tí ẹ kọ yìí, ṣé òótọ́ ni àbí òótọ́ kọ́?"

"Òótọ́ ni, sà."

"Ṣé ká wá máa lò ó ni?"

Monílọ́lá wo Mẹ́trọ̀n, ó wo ọkùnrin náà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lò ó, sà. Ó ku àwọn kan tí mi ò tíì bi léèrè."

Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Nígbà tí wọ́n lọ tán, Mẹ́trọ̀n ń to àga padà, kò wo ojú rẹ̀. "O dójú tì mí lónìí," ó ní. Ó gbé àga méjì léra. "Bí ó bá jẹ́ àwọn tó kù lo fẹ́ bi, lọ bi wọ́n. Mi ò ní yọ bébà yẹn. Ṣùgbọ́n màá sọ fún Báyọ̀ pé kó máa wẹ bàbá náà."

Monílọ́lá kò mọ̀ bóyá kí òun dúpẹ́ ni tàbí kí òun tọrọ àforíjì. Ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó sì jáde.

Nínú wọ́ọ̀dù, ó gbé àga sẹ́bàá ibùsùn Àmúsà. Ó ṣàlàyé fún un pé òun fẹ́ kọ ìwé mìíràn, nípa àwọn tó dá nìkan wà nílé ìwòsàn, pé òun fẹ́ bi í léèrè ọ̀rọ̀ bí kò bá ní ṣe é ní nǹkan.

"Ta ni yóò kà á?"

"Àwọn nọ́ọ̀sì, Bàbá. Nígbà mìíràn, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n."

Ó rò ó. "Ẹ má fi orúkọ Rodiyat sí i. Ó ní ọkọ."

"Orúkọ ẹnikẹ́ni kì í wọ inú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Òfin ni. Àgbẹ̀ kan la máa kọ."

"Tèmi náà ńkọ́?"

"Tiyín náà, Bàbá."

Àmúsà yíjú sí fèrèsé. Níta, àwọn mọ́tò ń fọn fèrè ní oríta. "Nígbà tí mo dé ibí, wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹlòmíràn kí wọ́n tó wẹ̀ mí," ó ní. "Ẹ wá ní mi ò gbọdọ̀ dárúkọ ara mi."

Monílọ́lá mọ ìdí tí òfin náà fi wà: kí àṣírí aláìsàn má bàa tú. Ó ti kọ́ ọ, ó ti fi kọ́ ẹlòmíràn, ó sì dára. Síbẹ̀, ó ṣí ìwé tó wà lórí itan rẹ̀.

"Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á gbà kí orúkọ yín wọ inú ìwé," ó ní.

"Ẹ ṣáà kọ ọ́ ná. Bí wọn ò bá fẹ́ ẹ, kí àwọn fúnra wọn pa á rẹ́."

Ó ṣí bíró rẹ̀, ó sì kọ orúkọ náà sílẹ̀: Àmúsà.