Kọ́nà Tó Ń Já Ìpè

Ìyá Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí pé ohun tójú ò rí ló ń wọ̀n fún ilé iṣẹ́ tẹlifóònù. Kò bínú sórúkọ náà. Kọ́nà kan tó wà láàárín ilé ìgbẹ̀bí àti ilé ìwòsàn ńlá ló ń bí i nínú. Ẹni tó bá ń fi fóònù sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀, tó bá ti débẹ̀, ìpè á já. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, dókítà ń fi fóònù júwe fún agbẹ̀bí tó wà nínú áńbúláǹsì ibi tó máa tẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ abiyamọ kan lè dá, ni fóònù bá dákẹ́. Díẹ̀ ló kù kí obìnrin náà bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Látọjọ́ náà ni agbẹ̀bí ò ti róorun sùn.

Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà tó kọ́kọ́ wá yẹ̀ ẹ́ wò dúró sí kọ́nà, wọ́n gbé fóònù sókè, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún fọ́fọ́, wọ́n bá lọ jẹun. Ta ni wọ́n rí tó ń fi áńbúláǹsì dúró ní kọ́nà? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ. Ìyá Afẹ́fẹ́ ní tiẹ̀ wa ọkọ̀ yí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà nítòsí kọ́nà náà po jẹ́jẹ́, kọ̀ǹpútà ń ṣàkọsílẹ̀ ojú òpó tó di fóònù mú. Ojú mẹ́ta tó ń gba ìpè ni òpó náà ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìhà tó kọ sí. Nígbà tó dé ìhà ìlà-oòrùn, ojú ti ìwọ̀-oòrùn ló jẹ́ ẹ lóhùn. Ó tún yí i po, bákan náà ni.

Ó yé e wàyí. Òpó kan a máa fa ìpè lé òpó kejì lọ́wọ́, bí ẹni gbé ọmọ ọwọ́ fúnni. Èyí rò pé ìwọ̀-oòrùn lọkọ̀ wà, ó ń na ọmọ síbi tí kò sẹ́ni tó máa gbà á.

Ó pe Bàbá Olókè, àgbà tó ń gun òpó fún wọn. "Bàbá, ẹ dákun, ṣé ẹ ò ki wáyà méjì bọ ojú ara wọn lókè báyìí?"

Bàbá gùn ún lọ. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, kò kọ́kọ́ wojú ẹ̀. "Èmi náà ni, ọmọ mi. Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Mo ti tún un ṣe."

Kí Ìyá Afẹ́fẹ́ tó délé ìgbẹ̀bí láti ròyìn, wọ́n ti ń gbé aboyún kan wọ áńbúláǹsì. Agbẹ̀bí fa òun náà wọnú ọkọ̀ pẹ̀lú wọn. Ohùn dókítà ń jáde nínú fóònù, ọkọ̀ ń sáré, orí ọmọ sì ti yọ.

"Ìwọ́ ti lọ́ mọ́ ọn lọ́rùn," ni agbẹ̀bí wí.

"Ẹ ti ìka bọ abẹ́ ẹ̀," dókítà dáhùn. "Ẹ rọra fà á kọjá lórí ọmọ. Kí ìyá má tíì ti ọmọ o."

Ìyá Afẹ́fẹ́ bojú wo ìta láti ojú fèrèsé. Kọ́nà náà nìyẹn, ewé kan ò mì. Ohùn èèyàn ń kọjá nínú òfìfo yẹn, láti ọwọ́ òpó kan bọ́ sọ́wọ́ ìkejì, ọ̀rọ̀ kan ò sì bọ́ sílẹ̀. Orí ẹ̀ wú. Láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí, nọ́ńbà nìkan ló ń rí.

Ọmọ ké.

"Mo gbọ́ ọ," ni dókítà wí.

Agbẹ̀bí fi apá nu òógùn ojú, ó yíjú sí Ìyá Afẹ́fẹ́. "Àǹtí, kọ́nà yẹn ńkọ́? Ṣé a ò tíì débẹ̀ ni?"

"A ti kọjá ẹ̀, Màmá."