Ẹni Tó Máa Darí Orin Jẹ́fta

"Sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀! Mo ní kí o sọ̀ kalẹ̀!"

Ohùn Àpọ́sítélì Babáwálé gba gbọ̀ngàn eré náà kan. Níta, lójú títì Fondren nílùú òyìnbó níbẹ̀, àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ti ń tò. Mojọlá kò mira lórí ìtàgé, níwájú àwọn akọrin. Òun ló kọ gbogbo orin inú eré Jẹ́fta yìí, lọ́dún tí owó epo já wálẹ̀ tí iléeṣẹ́ ìfọpo tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Deer Park ní kó máa lọ sílé. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní dùùrù. Etí rẹ̀ ni tíṣà rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń kọ orin sílẹ̀ fún eré ìjọ nínú gáréèjì onígáréèjì, tí ọkùnrin kan á wá dìde lọ́jọ́ eré, á máa ju ọwọ́ níwájú ẹgbẹ́ akọrin, á sì gba àtẹ́wọ́. Ti òní kò ní rí bẹ́ẹ̀.

"Bàbá, kí ni mo ṣe?"

"Obìnrin kì í dúró lórí pẹpẹ. A ti gbàdúrà sórí ìtàgé yìí, a ti wọ́n omi, a ti sun tùràrí. Ó ti di pẹpẹ. Dọ̀tun ló máa darí orin."

"Ó ti di pẹpẹ?"

"Ṣé etí ẹ di ni?"

"Kò di, sà. Ojú mi náà ò fọ́. Pẹpẹ wo lẹ wọ bàtà gùn yẹn?"

Ẹ̀rín bú láàárín àwọn akọrin. Nínú ìjọ wọn, ẹni tó bá wọ bàtà kọjá ẹnu ọ̀nà lásán, igbe ni wọ́n fi ń lé e síta. Bàtà Àpọ́sítélì sì nìyí, dúdú, ó ń dán yanran.

Dọ̀tun, ọ̀dọ́kùnrin kan nínú àwọn akọrin, ti fà sẹ́yìn. "Àǹtí Mojọlá, ẹ má wojú mi o. I no dey inside."

Babáwálé kò bọ́ bàtà, kò sì sọ̀ kalẹ̀. Ó nàka sí àwọn akọrin. "Ẹni tó bá lanu kọrin lábẹ́ obìnrin yìí, kó má dé ṣọ́ọ̀ṣì mi mọ́!"

"Ẹ ṣeun, sà," ni Mojọlá fèsì. "Bí wọn ò bá kọ ọ́, màá gbé báàgì mi. Bí wọ́n bá kọ ọ́, ẹ wá ìjókòó."

Ó gbọ́wọ́ sókè.

Ó já ọwọ́ wálẹ̀. Ní ìlà iwájú àwọn akọrin, Evelyn, ìyàwó Àpọ́sítélì, lanu, ó sì gbé orin.