Ilé Onítáyà Verlon

"Ìyáàfin Yandell, ẹja tí mo pa ní Alaska lánàá, bí mo ṣe fà á jáde báyìí, gbogbo adágún gbẹ! Ọkọ̀ ojú omi mẹ́rin ló jókòó sórí ẹrẹ̀, tí àwọn tó wà nínú wọn ń bú mi ní èdè méje!"

Verlon Pruitt ló ń sọ bẹ́ẹ̀, láàárọ̀ kùtù, níwájú ilé rẹ̀ lẹ́bàá ìlú Tulsa. Ó fẹ̀yìn ti ilé onítáyà rẹ̀, ilé kékeré funfun tó ní bẹ́ẹ̀dì àti sítóòfù nínú, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ lọ sí ìgbafẹ́. Twyla ìyàwó rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife kọfí, ó ń bẹ Ọlọ́run kó fi ìjánu sí ọkọ òun lẹ́nu.

Ìyáàfin Corliss Yandell kò rẹ́rìn-ín. Òun ni alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò náà. Awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, gbogbo àdúgbò sì gbà pé ó lè dúró sí ìpẹ̀kun òpópónà kó ka iye ewé koríko tó ga ju òfin lọ níwájú ilé ẹni.

"Ọ̀gbẹ́ni Pruitt, ẹ mọ òfin. Ilé onítáyà kò gbọdọ̀ hàn síta ju òru méjì lọ, ẹ̀ báà máa di ẹrù, ẹ̀ báà máa tú u. Tiyín ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìwé ìkìlọ̀ kẹta rèé. Bí mo bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára, ọ̀la ni wọ́n máa wá wọ́ ọ lọ."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kẹ̀? Àná ni mo dé! Alaska sí Tulsa, wákàtí mẹ́rin péré. Mo sáré débi pé òjìji mi ò tíì dé, Kánádà ni mo fi í sí."

Ìyáàfin Yandell wo ilẹ̀. Òjìji Verlon nà gbọọrọ lórí kọnkéré.

"Kí wá lèyí?"

"Ti ará ilé kejì ni. Mo yá a lò."

Twyla bu ètè jẹ kí ẹ̀rín má bọ́. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín fún un. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Verlon fi wa ọkọ̀ ẹlẹ́rù káàkiri Amẹ́ríkà, inú ọkọ̀ ló sì ń sùn. Látìgbà tó ti fẹ̀yìntì, bí táyà kò bá sí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, oorun ọ̀sán kì í gbé e dáadáa. Lọ́dún tó kọjá tí wọ́n gbé ilé onítáyà náà lọ sí ọgbà ìgbọ́kọ̀sí kan lẹ́yìn ìlú, àga pálọ̀ ló ń sùn sí. Ó ń hanrun débi pé fọ́tò bàbá Twyla já bọ́ lára ògiri lẹ́ẹ̀mejì, Twyla sì ń ka ìwé rẹ̀ nínú balùwẹ̀. Bí wọ́n bá wọ́ ilé yìí lọ, ọ̀sán aláàfíà tán nìyẹn.

"Twyla," Ìyáàfin Yandell yíjú sí i, "mi ò gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ rí. Ṣé àná ni ẹ dé lóòótọ́?"

"Ẹ̀yin Ìyáàfin Yandell... ẹ ò ṣe jẹ́ kí n bu kọfí fún yín ná?"

"Kí lẹ tún ń bi í sí?" Verlon kígbe. "Ẹ fọwọ́ kàn án, ó ṣì gbóná!" Ó sì gbá iwájú ilé onítáyà náà, gbàá, níbi ìdérí sílíńdà gáàsì.

Pírí! Ẹyẹ kékeré kan fò jáde lábẹ́ ìdérí náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí fìlà lórí Verlon. Ó bà sórí àpótí lẹ́tà, ó ń bú u kíkankíkan. Ìyáàfin Yandell bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wo abẹ́ ìdérí. Ẹnu ọmọ ẹyẹ márùn-ún, tó pọ́n bí ìyeyè, ló là gbàù sí i nínú ìtẹ́.

"Ọ̀gbẹ́ni Pruitt, ṣé àwọn wọ̀nyí náà bá yín lọ sí Alaska?"

"Àwọn... àwọn ló júwe ọ̀nà."

"Wọn ò tíì hu ìyẹ́."

"Ìyẹn náà ló jẹ́ kí wọ́n wọkọ̀!"

Ẹ̀rín pa Twyla, kọfí dà sí i láṣọ. Ìyáàfin Yandell nàró, ó fa báírò yọ. Bí Verlon ṣe rí báírò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìkìlọ̀, ó ní, "Ẹja mi ń pè mí!" Bàbá ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, tó ń ráhùn orúnkún láti ọjọ́ Ajé, fo ọgbà òdòdó bí òbúkọ, ó di òpópónà.

Ìyáàfin Yandell kò tilẹ̀ wò ó. Awò ọrùn rẹ̀ ló gbé sójú, ó ń wo ìyá ẹyẹ lórí àpótí lẹ́tà, ojú rẹ̀ sì rọ̀ bí bọ́tà.

"Ọ̀sẹ̀ mélòó ni mo ti ń gbọ́ orin rẹ̀ tí mi ò rí i," ó wí jẹ́ẹ́. Ó fagi lé ohun tó wà lórí ìwé, ó kọ tuntun, ó sì lẹ̀ ẹ́: KÍ ẸNIKẸ́NI MÁ GBÉ ILÉ YÌÍ TÍTÍ ÀWỌN ỌMỌ ẸYẸ YÓÒ FI FÒ. "Òfin ìjọba tó ń dáàbò bo ìtẹ́ ẹyẹ ju òfin ẹgbẹ́ lọ, Twyla. Ẹ ní bí ọ̀sẹ̀ méjì. Kó tó pé, ẹ kọ́ fẹ́ńsì gíga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé; bí àwọn ẹyẹ bá ti fò tán, kẹ́ ẹ gbé ilé onítáyà yín sẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí mi ò bá rí, mi ò lè kọ ìwé sí i."

Twyla ju ife sílẹ̀, ó sáré dé etí òpópónà. "Verlon! Padà wá! Wọn ò gbé e mọ́!"

Orúkọ rẹ̀ nìkan ni Verlon gbọ́, ó tún kún eré. Nígbà tó fi máa yà níkòríta, Twyla lè búra pé òjìji rẹ̀ kò bá a mọ́.